Ibi Tí Mo Ń Pàgọ́ Sí

Ìyá Ìbejì mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ara àwọn ọmọ ti yá. O ní kí n sọ bí yàrá mi ṣe rí. Mo ti kúrò níbẹ̀, onílé fowó lé e jù. Má dààmú. Ọ̀nà gígùn kan wà lẹ́yìn ìlú tó gba inú igbó kọjá, táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn fún ìgbádùn lásán. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn, ọ̀fẹ́ sì ni, bí èèyàn kò bá ti pẹ́ lójú kan. Èmi náà ra àgọ́ àlòkù.

Mo ti mọ ibi tó dáa: ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó jìnnà sódò díẹ̀, tí igi gbígbẹ tó lè wó luni kò sí lókè rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ló ń bi mí léèrè báyìí. Lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè mí.

Obìnrin kan ní, “Lánlọ́ọ̀dù, ẹ ò tíì lọ sílé ni?”

Mo ní, “Màdáámú, àbí ẹ fẹ́ gba yàrá mi ni?” A jọ rẹ́rìn-ín.

O ní ẹ fẹ́ wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ní sùúrù ná, òtútù ibí kò dáa fún ọmọdé. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni kí o ṣì máa kọ̀wé sí.

Bá mi kí ìyá wa. Tí wọ́n bá béèrè ilé mi, sọ fún wọn pé atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì