Léètì Kẹtàdínlógún

Marl Creek, Ohio
Ọjọ́bọ̀, oṣù Kọkànlá

Renata ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ikọ́ tó ń yọ èyí tó kéré jù lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín nínú Chicago yẹn, kò ní jẹ́ kí ẹ yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ rí ọ fín. Èmi náà wà níbí, mo kàn wà ni. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì náà sì ti ń kọ́ ọ lára rẹ̀. Ó rẹ̀ mí, Renata. Kì í ṣe àárẹ̀ téèyàn ń sùn kó lọ, torí mo ti sùn títí, mo jí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí fóònù gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ náà kan òun fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti ń lu ilé iṣẹ́ wa ní gbàǹjo. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, títí dé àga tí a fi ń jẹun ọ̀sán. Orville Stutz aládùúgbò wa, tí òun àti èmi jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti géètì, òun ló wá sọ fún mi, ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ dúró lórí ẹní ìyá rẹ, ó na fóònù sí mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Renata, léètì mi ni! Léètì kẹtàdínlógún, ẹ̀rọ tí mo dúró tì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí mo fi ń gé irin di róbótó títí etí òsì mi fi di. Ibi tí mo máa ń gbé ife kọfí lé ṣì wà lára rẹ̀, mo rí àmì rẹ̀ nínú àwòrán. Mo ní mo fẹ́ rà á. Orville ní ṣé irin tó kún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé mi ò tíì tó mi ni, ó ní lọ́jọ́ kan ilẹ̀ á gbé ṣọ́ọ̀bù yẹn mì, òun ò sì ní wà mí jáde.

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìwọ ni màá sọ fún. O rántí bọ́tìnì tí a fi ń yí iná sítóòfù wa, èyí tó já. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ fi ẹ̀mú yí iná ibẹ̀. Mo ní màá gé òmíràn fún un lórí léètì mi lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Mo gé gíà fún katakata àwọn ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn, mi ò gé bọ́tìnì kan fún ìyàwó mi. Ṣọ́ọ̀bù mi kún fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí léètì níbẹ̀, torí mo rò pé ti ilé iṣẹ́ á máa wà títí. Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, ìyá rẹ náà lọ, ẹ̀mú náà ṣì wà lórí sítóòfù.

Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ àlòkù rà tó mi láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ tó bá wúwo jù lowó rẹ̀ máa ń kéré jù, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Ọjọ́ òjò ni kéèyàn lọ, torí olùrà kì í pọ̀. Èyí tí ọmọ-ọmọ tó ń ta ẹrù olóògbé bá kàn pè ní irin ńlá aláwọ̀ ewé, torí kò mọ orúkọ rẹ̀, òun ni kéèyàn sáré lọ wò. Bó bá dógùn-ún, kò burú, epo àti àkísà ni, ṣùgbọ́n bí irin ìsàlẹ̀ tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń rìn lórí rẹ̀ bá ti jẹ tán nítòsí orí ẹ̀rọ, kéèyàn máa lọ sílé. Kó tún wo garawa tó wà lábẹ́ rẹ̀, irinṣẹ́ inú rẹ̀ lè níyì ju ẹ̀rọ lọ. Kó má sì rẹ́rìn-ín lójú ẹni tó ń tà á. Èyí ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá rẹ á jókòó sínú ọkọ̀, á máa fojú bá mi wí pé kí n pa ẹnu dé, mò ń gbé owó lé e fúnra mi.

Báyìí inú fóònù ni gbogbo gbàǹjo wà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé, wọ́n bi mí bóyá rọ́bọ́ọ̀tì ni mí. Mo ṣí fìlà, mo ní rárá o. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, gbogbo wa la dúró tí à ń wò bí wọ́n ṣe ń gbé wọn wọlé. Inú mi dùn pé ibì kan ṣì wà láyé tí wọn ò ti fẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n tọ́ka sí àwòrán tó ní kẹ̀kẹ́. Mo tọ́ka sí i. Wọ́n gbà mí.

Fóònù fífẹ̀ tó dà bíi wàláà yẹn, tí o rà fún ìyá rẹ nígbà àìsàn kó lè máa rí àwọn ọmọ, òun ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi. Orville ní kí n kọ iye tó jẹ́ òpin agbára mi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lọ jókòó, wàláà á máa bá mi ná an. Mo kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, kò sẹ́ni tó ní ẹ ṣeun, mo rò pé wọn ò gbọ́. Ni mo bá wọlé, mo jókòó sí ilé ìdáná, mo mú fóònù kékeré tí o fi orúkọ mi sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ná an díẹ̀díẹ̀.

Mo ní igba dọ́là. Kí n tó mí, ẹnì kan ti gbé owó lé tèmi. Mo fi kún un, ẹni náà ti lé e kí n tó gbé ìka kúrò. Mo ní ta ni aláìlójútì yìí? Mo wọ awò ojú mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: Bernadette, Marl Creek, Ohio.

Renata, ìwọ náà mọ̀ pé ìyá rẹ nìkan ni Bernadette tó wà ní ìlú yìí, ó sì ti lé lọ́dún kan tí a ti sin ín.

Orí mi ò yí o. Èmi ni mo kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló tún lè bá mi jà báyìí, tí kò ní ronú rárá, tí á ti fèsì kí n tó sọ̀rọ̀ tán? Ọdún mọ́kànlélógójì la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Òun ló ní irin kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo fi kún un, ó lé e. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní Bernadette, jọ̀ọ́, ẹyọ kan yìí péré. Ó lé e. Nígbà tó di ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé ogójì, ó sú mi, mo da fóònù dojú bolẹ̀. Mo wo ẹ̀mú orí sítóòfù, mo sì sunkún. Mi ò lè bá a du nǹkan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, wàláà tan iná. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: Bernadette, a bá ọ yọ̀, ìwọ lo ni léètì náà, san owó, kí o sì wá gbé e kí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá.

Mo jókòó sórí garawa. Ṣé o rí i, ọmọ mi? Kì í ṣe pé ó ń bá mi jà. Ó ń rà á fún mi ni! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yẹn, ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń rà fún mi, kò ra irin fún mi rí.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún Orville. Ó wo wàláà, ó wo fóònù, ó wo ojú mi. Ó wá ní ká ní mo ti gbé jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, owó tí Bernadette ì bá fi rà á kò ní tó igba dọ́là. Mo ní ohun tó máa ń sọ fún mi látinú ọkọ̀ náà nìyẹn. Orville fun imú, ó ní òun á gbé tírélà àti ṣéènì wá ní Sátidé, kí n má sì sọ ọ́ káàkiri ìlú.

Èmi ni màá san owó náà, ìyá rẹ ò lè rí i san níbi tó wà. Mo ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó epo tí a fi ń mú ilé móoru ló wà nínú rẹ̀, òtútù sì ti dé. Bí o bá rí nǹkan, fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, sínú àpòòwé o, má fi í gba inú fóònù. Ohun kan tún kù. O sọ lóṣù tó kọjá pé kí a pa orúkọ ìyá rẹ rẹ́ kúrò nínú wàláà yẹn, pé owó tí à ń san lórí rẹ̀ lóṣooṣù ti pọ̀ jù. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó wà.

Ọlọ́run á bù kún ọ, á bù kún ọwọ́ rẹ, á sì jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ máa bá ara yín jà títí ẹ ó fi hu ewú. Bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ má pẹ́ ní Kérésì. Bí ẹ bá dé, ọwọ́ la ó fi tan sítóòfù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Leonard Wiech