Kọ́bọ́ọ̀dù Ọtí Bàbá Rẹ

Òpópónà Ìyìn,
Adó-Èkìtì.
Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde.

Monínúọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọkọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ara rẹ le, kí oorun rẹ sì máa dùn. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó máa ń ké nígbà tí òjò bá ń ṣú. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ ikọ́ ọkùnrin lẹ́yìn ohùn rẹ, n kò sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan sétí ẹni méjì.

Ìròyìn ilé ni kí n kọ́kọ́ fún ọ. Bàbá rẹ ti gbéṣẹ́ fún káfíńtà pé kó kan kọ́bọ́ọ̀dù ọtí fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọtí! Bàbá rẹ yìí kan náà, àgbà ìjọ, tó jẹ́ pé bí mọ́ọ̀tì bá hó jù nínú ife, wọ́n á ní kí a jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ti èṣí ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí. Bí mo ṣe wọ yàrá báyìí, wọ́n fi ìwé ìròyìn bò ó bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹun ní kíláàsì.

Ìgbà tí wọ́n wọlé wẹ̀ ni mo lọ yọjú wò ó. Igi ìrókò, ilẹ̀kùn onígíláàsì, iná kékeré nínú. Kì í ṣe pẹpẹ lásán ni wọ́n yà síbẹ̀ o, àyè mẹ́ta ni, tí wọ́n ní kí a gbẹ́ bí ìgò ṣe rí gẹ́lẹ́. Àyè àárín ga ju àwọn méjì yòókù lọ, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó tún ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mo bi ara mi pé irú ọtí wo ló ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀. Ìfura ni oògùn àgbà, èmi náà sì ti dàgbà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ife tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, màá gbóòórùn rẹ̀. Omi ni. Bí wọ́n bá ti oko Ìjàn dé, màá sún mọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ gba àpò, kí n lè gbóòórùn ẹnu wọn. Ọsàn ni. Mo ní àbí obìnrin kan wà ní Ìjàn tó ń kọ́ wọn ní fàájì ni? Má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ta ló mọ ohun tó lè rò?

Mo wọkọ̀ lọ sí àdúgbò Adébáyọ̀, sí ṣọ́ọ̀bù Fúàdì káfíńtà, ẹ̀gbọ́n Qanitah ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ṣe bí ẹni tó wá ra àpótí ìjókòó, àmọ́ ojú mi ti hàn sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ayé! Èmi mùsùlùmí, Dádì àgbà ìjọ, àwa méjèèjì la wá jókòó tí à ń wọn ìgò ọtí." Ó ní òun dábàá pé kí òun ṣe àyè púpọ̀, kí òun ṣe ibi ìfi-ife-kọ́ sí i, nítorí bí àwọn tó ní owó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá rẹ ní rárá, mẹ́ta ni òun ní, òmíràn kò sì ní í dé mọ́. Wọ́n wá jókòó sórí àga, wọ́n ní kí Fúàdì gbé pákó sókè títí yóò fi bá ojú wọn dọ́gba, pé ibẹ̀ ni kí àyè àárín wà. Wọ́n fẹ́ máa rí i nígbàkigbà tí wọ́n bá ti jókòó.

Mẹ́ta ni òun ní? Mo délé, mo tú ilé. Ìsàlẹ̀ àpótí, nínú agbádá ìgbéyàwó wa, ni mo ti bá wọn: ìgò ṣínáàpù mẹ́ta. Wọ́n ti já ìdè ẹnu méjì, ṣùgbọ́n ohun tó dín nínú wọn kò ju ohun tí ẹyẹ lè mu lọ. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀kẹta rárá. Ọ̀mùtí wo ló ń mu ọtí bí ẹni ń lá oògùn ikọ́? Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì wọ́n, mo ń dúró de olóhun.

Nígbà tí bàbá rẹ wọlé tí wọ́n rí wa, wọn kò bínú. Wọ́n ní ọtí àwọn àna wa ni. Nínú èyí tí wọ́n gbé wá níbi ìdána ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n mú ìgò kọ̀ọ̀kan pamọ́ láti inú ìpín tiwọn. "Ọtí tí a bá ti mu kò ṣeé dá padà," ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. "Ọjọ́ tí ọkàn mi bá balẹ̀ lórí ọkọ ọmọ mi ni mo máa ń ṣí tirẹ̀. Màá mu ìdérí kan, ó parí." Wọ́n ṣí ti Dùnmínínú nígbà tí ọkọ rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, tó sùn ti bàbá rẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọn. Wọ́n ṣí ti Tèmídayọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún wa pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìgò tí wọn kò tíì ṣí, ti àyè àárín, Monínúọlá, tìrẹ ni.

Inú bí mi gidi. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ, Ayọ̀kúnlé ọkọ rẹ tó ń pè wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja? Bàbá rẹ bi mí léèrè pé, "Lọ́jọ́ ọjọ́ìbí mi, nígbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Tèmídayọ̀ ní kíṣìnnì, kí ni Monínúọlá ṣe?" Gbogbo wa la pariwo lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà a bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan lo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Èmi rò pé orí ń fọ́ ọ ni. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá rẹ dúró sí, wọ́n sì rí ọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lọ bá Fúàdì.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ti fọ Èkìtì kúrò lẹ́nu bàbá rẹ. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìgò yìí, ó padà wá. "Ulé rẹ̀ kọ́ rèé ni? Ulé rẹ̀ kọ́ rèé?" Wọ́n ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, pé ṣé ilé yìí kì í ṣe ilé rẹ ni, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. O fi iṣẹ́ sílẹ̀, o kò sọ ìdí. Kérésì dé, o kò wá. Kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, o ti ní "a dúpẹ́." Ẹ̀rín rẹ tí àwọn aládùúgbò máa ń gbọ́ dé títì, ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ? Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í. Ó wù mí kí n ṣì í, ọmọ mi. Bí mo bá ṣì í, màá kúnlẹ̀ bẹ Ayọ̀kúnlé níwájú gbogbo ẹbí.

Wọ́n máa ń sọ fún obìnrin pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti ń lu ọmọ nílùkulù, ṣe ni òbí rẹ̀ máa ń wá mú un lọ sílé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà dé. Ó rẹwà púpọ̀. Pásítọ̀ wá kí wa, ó rí i, ó wúkọ́. Bàbá rẹ ní, "Ẹrù ìdána ni o, kì í ṣe ohun mímu." Láràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń wo ìgò rẹ.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ìdìde rẹ. Ẹ̀rù kò ní í sọ ilé rẹ di àjèjì sí ọ. Ohùn rẹ yóò padà sí ọ lẹ́nu, àwọn ọmọ rẹ yóò sì gbọ́ ọ.

Èmi ni
Ìyá rẹ, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ilé rẹ.

Àfikún: Qanitah ń kó ọjà lọ sí Àbújá, òun ni mo fi ìwé yìí rán. Mo ní bí kò bá bá ìwọ nìkan, kó gbé e padà bọ̀. Kà á tán, kí o fà á ya, má fèsì. Bí ọkọ rẹ bá pè wá lọ́jọ́ Àìkú tó fún ọ ní fóònù, tí ọkàn rẹ bá balẹ̀ lóòótọ́, sọ pé kí bàbá rẹ mu ọtí wọn. Wọ́n á ṣí i lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kàn bi mí pé, "Màámi, ṣé ọ̀dà kọ́bọ́ọ̀dù bàbá ti gbẹ?" Má fi nǹkan kan kún un, a ó ti mọ̀ pé kí a wá mú ọ. Bàbá rẹ ti rọ epo kún mọ́tò, wọ́n sì ti so kọ́kọ́rọ́ àyè àárín mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.