Bí A Ṣe Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ogun Sinmi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, ìkíni kì í sáà náni lówó. Ara mi le, ara bàbá rẹ náà le, àfi eyín kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́, gẹ́gẹ́ bí kò ti dójú tì mí ní Sátidé.

A ti wo fíìmù ogun tí o fi ránṣẹ́. Èèyàn méjìlélógún ló wọ pálọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ àga mẹ́fà péré la ní. O mọ Sájẹ́ńtì, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n ń pè ní táńkì. Ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kiri pé irọ́ ni gbogbo ọkọ̀ ogun inú fíìmù, pé ọmọ mi tó ń kun ọgbẹ́ sára àwọn òṣèré kàn ń fi ọ̀dà ṣòfò ni. Mo ní kó wá wò ó. A ṣàdéhùn pé bó bá rí irọ́ mẹ́wàá, mi ò ní dárúkọ iṣẹ́ rẹ mọ́ ládùúgbò. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, ẹ̀wà kan fún irọ́ kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Ó ní ọkọ̀ náà sáré jù. Ó ní ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá láìsí ẹni tó ki ọta sí i, òótọ́ ni, èmi náà kà á. Ó ní ariwo inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rójú sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Aránṣọ àdúgbò wa tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa pé wákàtí kan, ẹ̀wà ti di mẹ́sàn-án, ó ku ẹyọ kan.

Bí ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ata bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, mo máa ń pa á kó lè tutù, ni mo bá ní kí wọ́n dá fíìmù dúró, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun yẹn sinmi díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni pálọ̀. Àwòrán náà dúró sórí apá ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki ọta. Àpá iná gígùn kan wà níbẹ̀.

Sájẹ́ńtì dìde. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá kan náà, ojú ibì kan náà! Ó ní èèpo ọta tó gbóná ló ń fò lu èèyàn lápá bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó kùn ún ti fi ara balẹ̀ bi ẹni tó débẹ̀ rí léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹ̀wà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò nínú abọ́. Ọmọ mi, mo jó! Láti Sátidé, mo ti dárúkọ iṣẹ́ rẹ nígbà mẹ́tàdínlógójì, aránṣọ nìkan gbọ́ mẹ́wàá níbẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́. Lítà mẹ́rin ló mu, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni kí o san, torí èmi ni mo ní kí ọkọ̀ ogun sinmi.

Ìpara inú agolo yìí, Sájẹ́ńtì ló ní kí o fún ẹni tó ni apá yẹn, ó ní irú àpá bẹ́ẹ̀ máa ń yúnni gan-an nígbà òtútù. Mo sọ fún un pé ọ̀dà ni. Ó ní òun mọ̀, kó sáà fi pa á. Kó dá agolo padà o.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́, ojú rẹ kò ní ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ọ́.

Èmi ni,
Ìyá ẹni tó kun apá.