Gbólóhùn Nola Nínú Orin Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá, 1994. Nashville

Orúkọ wa jáde! "Máa Bọ̀ Nílé" wà lára orin márùn-ún tí ọ̀kan nínú wọn máa gba ẹ̀bùn Orin Ọdún. Èmi Lorene Tackett àti Orville Stamps la kọ ọ́ sílẹ̀, Fìlà ló fi ohùn gbé e. Fìlà ni mo ń pe olórin wa — kò sẹ́ni tó tíì rí àtàrí rẹ̀. Àwa la máa gbà á. Kí àwọn tó kù lọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́rú, 5

Nola Pruitt, aránṣọ tó ń gbé ládùúgbò wa, ń rán aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn náà. Aláwọ̀ ewé. Ó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń kọ orin náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó dé ibi "iná ìloro ò tíì kú, máa bọ̀," ojú tì mí. Òun ló ni gbólóhùn yẹn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá dá abọ́ mi padà, orin náà ti há mọ́ èmi àti Orville lọ́wọ́. Ó sọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ báyìí.

Òfin ìlú yìí ò ṣòro: ẹni tó bá wà nínú yàrá nígbà tí orin ń jáde, orúkọ rẹ̀ á wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé Nola wọlé ni? Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ẹsẹ̀ kan wà níta. Mo rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ẹsẹ̀ méjèèjì ló wà nínú ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sọ fún Orville lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ọmọ yìí, mo ti ń retí ọjọ́ tí wàá sọ ọ́." Mo ní kí ló dé tí òun náà ò sọ ọ́. Ó ní, "Ojo ni mí."

Mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Tí wọ́n bá ti pè wá, orí ìtàgé ni màá ti dárúkọ Nola, kí gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́. Ta ló máa rántí ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ́yìn ìyẹn? Mo ti ń fi omijé dánra wò níwájú dígí. Ó ń dára.

Ọjọ́bọ̀, 13

A ò gbà á.

Èyí tó burú jù — mo dìde lánàá. Obìnrin tó ń ka èsì ṣí àpòòwé, ó rẹ́rìn-ín sọ́dọ̀ wa, mo ti nàró, mo ti ká aṣọ sókè kí n má bàa tẹ̀ ẹ́. Orin ẹlòmíì ló dárúkọ. Ẹ̀yìn mi gan-an làwọn tó kọ ọ́ jókòó sí. Kámẹ́rà ò kúrò lójú mi. Mo wá ń pàtẹ́wọ́ lórí ìdúró, bí ẹni tó tìtorí tiwọn dìde. Fìlà ṣí fìlà, ó fi bojú. Orí rẹ̀ pá.

Nola pè láàárọ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Lorene, o ṣeun o! Ká ní o jókòó ni, ta ni ì bá rí iṣẹ́ ọwọ́ mi?" Mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ìtàgé. Ẹ̀rín tán. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ orin yẹn nínú rédíò, tí mò ń dákẹ́. Ká ní ẹ gbà á ni, ìwọ náà ni wọn ì bá tún máa yìn." Kò pariwo. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Èmi àti Orville lọ sí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú orin wa, a ní kí wọ́n fi orúkọ Nola kún tiwa gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Akọ̀wé ní ṣé ó dá wa lójú, torí kò ní ṣeé yí padà mọ́. A fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Nola. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà-gbagada. Ó ní, "Mi ò tíì foríjì ẹ́ o. Àmọ́ wá lọ́jọ́ Ajé, mo ní orin kan lọ́kàn. Orúkọ tèmi la máa kọ́kọ́ kọ."