Wọn Ò Tíì Wa Yanrìn Ẹ̀yìn Ẹ̀gbà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún.

Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì ná. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú yín, ẹ ní kí n bá yín lọ sí Ìbíàdé lọ wọn ẹja ọ̀sà tí ẹ máa ń wọ̀n, tí ẹ sì ń kọ sínú ìwé, lọ́dọọdún. Mo ní ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń dúró dè mí. Irọ́ ni. Mo ti máàkì wọn tán. Ó kàn sú mi ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, búrẹ́dì ni ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rà bọ̀ láti ìrìn àjò. Akàn inú ìgò ni tèmi ń gbé bọ̀. Ẹ ò bínú, àbí ẹ bínú? Ẹ kàn so ìbòrí yín mọ́ àgbọ̀n bí ẹ ti máa ń ṣe, kí atẹ́gùn ọ̀sà má baà gbé e lọ, ẹ sì dá lọ. Nígbà tí ẹ dé, ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan wọ̀n, torí kò sẹ́ni tó bá yín di etí àwọ̀n kejì mú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, Bàbá Súlè tó ń tukọ̀ yín wá sílé wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn kan fẹ́ fi ẹ̀rọ wa yanrìn ní Ẹ̀yìn Ẹ̀gbà, ní ọ̀sà Ìbíàdé, níbi tí ẹja ti ń yé láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi. Wọ́n ti dá ìpàdé sí Àbígí.

“Ẹnu àwa apẹja nìkan ò lè dá wọn dúró,” ni Bàbá wí. “Gbé ìwé ìyá rẹ wá.”

Mo ní èmi ò mọ nǹkan kan nípa omi.

“Ìyá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀.”

Mo bá ṣí àwọn ìwé yín. Màámi, kí ló dé tí mi ò bi yín léèrè rí? Mo rí àwọn ọdún tí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa epìyà run. Mo rí ọdún tí ẹ gbé ìwé náà lọ bá àwọn apẹja, tí wọ́n sì gbà láti máa fi Ẹ̀yìn Ẹ̀gbà sílẹ̀ lásìkò tí ẹja bá ń yé. Mo rí bí ẹja ṣe padà. Mo rí lẹ́tà àwọn tí ẹ ò rí sójú rí, tí wọ́n ń fi ọ̀nà yín tọ́jú omi tiwọn lókè òkun. Dókítà Káfáyà, ọmọ tí ẹ kọ́ ní yunifásítì tó ti di olùkọ́ níbẹ̀ báyìí, ló jókòó tì mí tó ń ṣàlàyé ohun tí kò yé mi.

Ní Àbígí, mo kà á sókè. Bí mo bá ti ka ọdún kan, apẹja kan á dáhùn pé òótọ́ ni, ọdún yẹn lòun ta àwọ̀n òun. Ọkùnrin tó ṣojú àwọn oníyanrìn gba ìwé náà, ó ṣí i dé ìparí.

“Ti ọdún yìí dà?”

Gbogbo wọn ń wò mí.

“Kò sí, sà,” ni mo wí. “Èmi ló yẹ kí n bá màámi lọ wọ̀n ọ́n. Mi ò lọ.”

Lẹ́yìn náà ni olórí ìpàdé ní kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ kankan wọ ibẹ̀ títí a ó fi wọn tọdún yìí. Ọkùnrin náà gbà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn nínú.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ. Mo ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Súlè sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àwọn ọmọ epìyà ti wà níbẹ̀, wọ́n kéré bí èékánná. Mo ti gba fọ́ọ̀mù pé kí n wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Káfáyà. Ọjọ́ orí mi ti lọ díẹ̀, mo mọ̀. Àwọn oníyanrìn lè padà wá. Kí wọ́n wá. Wọ́n á bá mi níbẹ̀.

Omi ti ń fà báyìí, Bàbá Súlè sì ń pè mí kí n wá di àwọ̀n mú.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí àlùjánnà onídẹ̀ra.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwọ̀n ẹja.