Ohun Tí Ẹ Kò Sọ fún Èmi àti Sìdí

Màámi ọ̀wọ́n tí inú ń bí mi sí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bí oyún oṣù márùn-ún bá ṣe jẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lóyún. Ẹ bá mi yọ̀ díẹ̀ ná, torí ìjà ni mo bá wá.

Ọdún mẹ́jọ rèé tí a ti sin yín sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìwó, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì sọ fún wa pé ó pa yín. Ohun tí èmi náà sọ fún dókítà ní Òṣogbo nìyẹn, nígbà tí ọwọ́ mi kan kókó kékeré kan lábẹ́ ọmú mi òsì. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà náà, kò tó mi lọ́jọ́ orí. Ó bi mí bóyá jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé wa, mo sì búra pé kò sí. Ó tún bi mí, kò sinmi. Ni mo bá wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Kuta, ẹ̀gbọ́n yín.

Wọ́n bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi. Wọ́n ṣàdúà fún oyún. Wọ́n bínú pé mo ń yọ òkú lẹ́nu. Ìgbà tí mo bú sẹ́kún ni wọ́n tó tú u sílẹ̀: ọmú ló pa yín. Ọmú ló pa ìyá yín. Ọmú ló pa àbúrò yín tó relé ọkọ ní Olúpọ̀nnà, ẹni tí ẹ sọ fún wa pé ibà ló pa. Háà, Màámi! Èèyàn mẹ́ta! Ṣé adìyẹ ni wọ́n ni, tí wọ́n á máa kú tí ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè?

Mo wá rántí ìborùn yín aláwọ̀ ewé, tí ẹ kì í bọ́ nínú ilé mọ́, àní nínú ooru. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti di Hàjíà kí ẹ tó dé Mẹ́kà. Ẹ̀ ń bá mi rẹ́rìn-ín! Ẹ mọ ohun tí ẹ ń bò, ẹ sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àbí ọmọ nìkan ni òwe wà fún?

Kí n tó nu ojú mi, Ìyá Kuta ti mú òòyà onígi jáde. Wọ́n ní wàrà ló dì sí mi lọ́mú, kí n jókòó kí àwọn fi omi gbígbóná àti òòyà yà á, bí àwọn ṣe ya tiyín, bí wọ́n ṣe ya ti ìyá yín. Mo pariwo mọ́ àgbà, Màámi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn náà. Ta ni mo tún ní?

Mo padà sí Òṣogbo, dókítà fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: wàrà ni lóòótọ́! Ìyá Kuta kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, èsì sì dé pé àléébù àbímọ́ kan wà lára mi, tó máa ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè rí ọmú wọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Dókítà ní kì í ṣe pé ó ti dé nìyẹn, àmọ́ ọmú aboyún àti ti abiyamọ máa ń le, ó máa ń ní kókó, àìsàn náà sì lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ó ní Sìdí, àbúrò mi, lè ní in, ó sì lè má ní in.

Sìdí ń fún ọmọ oṣù mẹ́rin lọ́mú ní Ilé-Ogbó. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé ọmú kan le, pé ọmọ ń kọ̀ ọ́, pé Ìyá Kuta ń bá òun yà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbọ́ o. Mo sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní abiyamọ ni, ìpayà lè gbẹ omi ọmú rẹ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Màámi, èmi tí mo ń bá yín jà yìí ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ àná ni mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ó sì lé mi jáde, ó ní mo ń fi ẹnu mi pe ikú wá bá òun. Mo jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, n kò lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó jáde wá, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọmú tó le náà. Kókó ibẹ̀ tóbi ju tèmi lọ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ dókítà ní Òṣogbo la wà báyìí. Wọ́n ti pè é wọlé, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí ẹ kú. Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n bá yín mú ìborùn yín dání, kí ẹ̀yin náà wọlé lọ rí dókítà.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè sọ lọ, tí kò sì tíì dárí jì yín tán.