Ohùn Màmá Nínú Fóònù Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Kéèkì òní ò jóná! Ẹ̀mejì ló ti jóná lọ́sẹ̀ yìí, ADHD mi yìí náà ni, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọkàn èèyàn dúró sójú kan.

Bí ẹni ń gbọ́ òjò ni mo ṣe máa ń gbọ́ agogo áàpù ìránnilétí orí fóònù mi, n kì í kà á sí. Dókítà tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fídíò ló ní kí n wá ohùn tí n ò lè ṣàìdá lóhùn. Ta ni ì bá jẹ́, bí kò ṣe Màmá? Mo lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, mo fi rọ́pò agogo áàpù náà. Bí mo ṣe ń gbà á, wọ́n ń ráhùn: "ADHD kọ́, ADHD ni! Ìwọ lo kì í farabalẹ̀."

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù kéèkì mi ní àdúgbò Under G, oníbàárà kan ń ròyìn ọkọ rẹ̀ fún mi, mo ti gbàgbé kéèkì tó wà lórí iná pátápátá. Fóònù ké lápò mi: "Àjọkẹ́! Kéèkì ńkọ́?"

"Mà!" Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Oníbàárà wẹ̀yìn, ó ń wá ìyá mi. A rẹ́rìn-ín títí.

Ojú ò tì mí. Orí mi ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó lè pè é padà.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé rèé tí Màmá fi pè fúnra wọn: "Àjọkẹ́, ṣé o ti lo oògùn ADHD rẹ?"

Áàpù ò tíì dún fún oògùn rárá.